Fún Ọ̀la Ní Wákàtí Tirẹ̀: Bí O Ṣe Lè Darí Iṣẹ́ Rẹ Kí O Sì Gbádùn Òní

Ara wà nílé, ọkàn wà níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀. Ọmọ ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà, o ń mi orí, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ lọ́hùn-ún, ìwọ àti ọ̀gá rẹ lẹ jọ ń jiyàn. Tàbí kẹ̀, o ń ṣírò ọdún: ẹgbẹ́ mi ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ tirẹ̀, èmi ńkọ́? Ibo gan-an ni iṣẹ́ tèmi dorí kọ? Kí o tó padà dé látinú ìrònú náà, ìròyìn ọmọ ti parí.

Lọ́dún 2010, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert ní Yunifásítì Harvard gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi fóònù ṣe. Láàárín ọjọ́, wọ́n á ké sí àgbàlagbà 2,250 lójijì, wọ́n á bi wọ́n pé: kí lo ń ṣe lọ́wọ́, kí lo ń rò, báwo ni inú rẹ ṣe rí? Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí wọ́n béèrè, bí ìgbà 47 ni ọkàn àwọn èèyàn náà kò sí lórí ohun tí wọ́n ń ṣe. Nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, inú wọn kì í dùn tó ti ìgbà tí ọkàn bá wà lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ ló máa gbọ́ èyí tí wọ́n á ní ká jáwọ́ nínú ríro ọ̀la. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ṣètò ọ̀la rẹ̀ gan-an ni ọ̀la máa ń yọ lẹ́nu jù, torí pé ìgbàkígbà ló lè wọlé tọ̀ ọ́. Lọ́dún 2011, E. J. Masicampo àti Roy Baumeister fi àyẹ̀wò hàn pé ohun tí èèyàn kò tíì parí máa ń já lu ìrònú rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá ti lè jókòó, kó kọ bí yóò ṣe ṣe é ní pàtó, ìjálù náà máa ń rọlẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ náà rárá. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí kà. Fún ọ̀la ní wákàtí tirẹ̀, kó lè fi ìyókù ọjọ́ sílẹ̀ fún ọ.

Ohun tí o nílò ni ìwé kan, bírò kan, wákàtí kan lọ́sẹ̀, àti nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Bí o bá lè yẹra fún ṣíṣe é lórí fóònù, yẹra fún un. Inú fóònù yẹn ni gbogbo ẹni tó ń pè ọ́ wà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: fi ọ̀sẹ̀ méjì wo iṣẹ́ rẹ kí o tó dá a lẹ́jọ́

Àwọn èèyàn máa ń fo ibí yìí, bẹ́ẹ̀ ibí ló gba sùúrù jù. Bí o bá bi ẹni tí ojú rẹ̀ fà ro pé kí ló dé, á ní, "Iṣẹ́ yìí ti sú mi." Èwo nínú iṣẹ́ náà? Iṣẹ́ kan kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Nǹkan kéékèèké bí ogún tàbí ọgbọ̀n la kó pọ̀ tí a ń pè ní iṣẹ́: èyí tó ń dùn mọ́ni wà níbẹ̀, èyí tó ń súni wà níbẹ̀, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn sì ń jẹ́.

Lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kọ ìlà mẹ́ta péré. Ìlà kìíní: kí ni mo ṣe lónìí tí n kò mọ ìgbà tí àkókò lọ? Ìlà kejì: kí ló tán mi lókun ju bó ṣe yẹ lọ? Ìlà kẹta: ta la jọ ṣe é? Kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. "Ìpàdé" kò tó. "Ìpàdé wákàtí mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan" ló wúlò. Bí ọjọ́ kan bá wà tí kò sí nǹkan kan fún ìlà kìíní, fi í sílẹ̀ lófìfo, má wá irọ́ dí i.

Má yí ohunkóhun padà níbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, má sì padà ka ohun tí o ti kọ. Bó bá pé, mú bírò tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, kí o fa ìlà sábẹ́ ohunkóhun tó bá ti yọjú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí èmi ṣe é lákọ̀ọ́kọ́, ó ti dá mi lójú kí n tó bẹ̀rẹ̀ pé ìròyìn iṣẹ́ kíkọ ni mo kórìíra. Ìwé ní irọ́ ni mò ń pa. Nínú ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìròyìn kíkọ yẹn bọ́ sí ìlà kìíní. Ohun tó ń wà ní ìlà kejì ni pé ẹni mẹ́rin ló máa ń tún un kọ lẹ́yìn mi, ọ̀rọ̀ ẹnì kan kì í sì í bá tẹnì kejì mu. Díẹ̀ ló kù kí n sá fún iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn nítorí ètò tí kò dára. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gba ẹnu ara mi gbọ́ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ báyìí, àfi bí ìwé bá jẹ́rìí sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé ò ń lé nǹkan ni, àbí nǹkan ń lé ọ?

Èèyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún: bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Méjèèjì ni sáré, ṣùgbọ́n ẹni tí ejò ń lé kì í wo ibi tó ń lọ. Ohun tó sábà máa ń mú kí èèyàn fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ tán kó tún bá irú rẹ̀ pàdé níbòmíràn nìyẹn.

Pín ohun tó wà ní ìlà kejì ìwé rẹ sí ọ̀nà mẹ́rin: iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, àwọn èèyàn àti ibi tí ò ń ti í ṣe, owó àti àkókò, àti àárẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù ló máa sọ ibi tí o máa dojú kọ. Bó bá jẹ́ èèyàn àti ibi, ó ṣeé ṣe kí irú iṣẹ́ yìí kan náà tẹ́ ọ lọ́rùn lábẹ́ ọ̀gá mìíràn tàbí ní ẹ̀ka mìíràn. Bó bá jẹ́ owó àti àkókò, ọ̀rọ̀ àjọsọ ló kù, ìyẹn ni ìjíròrò tí a máa ń sá fún fún ọdún mẹ́ta kí a tó wá kọ̀wé fipò sílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ náà gan-an, nígbà náà lọ̀rọ̀ yíyí ọ̀nà padà délẹ̀.

Bó bá jẹ́ àárẹ̀ ńkọ́? Sùn ná. N kò fi ṣeré. Gba ìsinmi tó bá tọ́ sí ọ, sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o tó dá ohunkóhun lórí iṣẹ́ rẹ. Ojú tó rẹ̀ kì í rí ọ̀nà méjì. Má sì kọ ìwé ìfipòsílẹ̀ lóru. Bí o bá ti kọ ọ́, jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a lórí tábìlì.

Ìgbà kan wà tí mi ò ní bẹ̀ ọ́ pé kó o ṣe sùúrù: bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọ́, bí wọ́n bá ń fọwọ́ kàn ọ́ lọ́nà àìtọ́, bí wọ́n bá ń ní kí o ṣe ohun tó lòdì sófin. Ejò nìyẹn. Sáré, kí o wá wo ọ̀nà lẹ́yìn tí o bá ti bọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kọ ibi tí o dorí kọ, má kọ ibi tí o máa dé

Lọ́dún 2013, Jordi Quoidbach, Daniel Gilbert àti Timothy Wilson gbé ìwádìí kan jáde tó kan èèyàn tó lé ní 19,000, láti ẹni ọdún 18 dé ẹni ọdún 68. Wọ́n ní kí àwọn kan sọ bí àwọn ṣe yí padà láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá, kí àwọn mìíràn sì sọ bí wọ́n ṣe rò pé àwọn máa yí padà láàárín ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀. Ọjọ́ orí yòówù kí wọ́n wà, àwọn tó wẹ̀yìn máa ń rí i pé ìyípadà náà pọ̀, àwọn tó wo iwájú sì máa ń rò pé kò ní pọ̀ mọ́. Gbogbo wa la rò pé a ti di ẹni tí a máa jẹ́ títí láé.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti kọ ètò ogún ọdún. Ẹni tó kọ ọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó máa gbé inú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta tó. Dípò orúkọ ipò kan, kọ ọjọ́ kan. Mú Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lásán, ọdún mẹ́ta sí ìsinsìnyí, ọjọ́ tí kò sí ayẹyẹ, tí kò sí ìgbéga, kí o kọ ọ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Aago mélòó lo jí? Ṣé o jáde lọ síbi iṣẹ́ àbí ilé lo ti ń ṣe é? Kí lo fọwọ́ ṣe kí ọ̀sán tó pọ́n, ṣé kíkọ ni, ṣé títún nǹkan ṣe ni, àbí ọ̀rọ̀ lo ń bá èèyàn sọ? Mélòó ni àwọn tí ẹ jọ ṣe é? Aago mélòó lo ṣíwọ́? Kí lo ṣe lẹ́yìn ìyẹn?

Ọ̀pọ̀ tí mo ti rí tó ṣe èyí ló ṣàwárí pé ipò tí àwọn ń lé kò bá Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí àwọn fẹ́ mu. Ẹni tó fẹ́ di alákòóso kọ ọjọ́ tó kún fún iṣẹ́ ọwọ́ tí ó dá ṣe ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Alákòóso kì í rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó sàn kó mọ̀ ọ́n lórí ìwé ju kó mọ̀ ọ́n lórí àga lọ.

Láti inú ọjọ́ náà, fa gbólóhùn kan yọ: *Mo fẹ́ túbọ̀ máa ṣe báyìí, kí tọ̀hún dín kù, kí n lè ráyè fún èyí.* Nọ́ọ̀sì kan lè kọ pé: "Mo fẹ́ túbọ̀ máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, kí iṣẹ́ òru dín kù, kí n lè máa wà nílé nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jí." Kò sí orúkọ ipò kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá kà á máa mọ ibi tó dorí kọ. Ọ̀nà tó sì lè gbà débẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, torí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kí o tó ṣí ojú ìwé yẹn kúrò, kọ ààlà mẹ́ta sísàlẹ̀ rẹ̀: ohun mẹ́ta tí o kò ní fi ṣe pàṣípààrọ̀ nítorí iṣẹ́, bó ti wù kó ṣe rí. Wákàtí oorun mélòó? Ìrọ̀lẹ́ mélòó lọ́sẹ̀ tó jẹ́ ti ìdílé tàbí ti ọ̀rẹ́? Ìkẹta, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Fi iye sí i, má kàn kọ "ìlera." Ohun tí kò ní iye kò ní ẹnu, iṣẹ́ á sì máa gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tọ́ ọ wò kí o tó gbé e mì

Ọ̀nà tí o kò tíì rìn rí, kò sí bí o ṣe lè ronú mọ̀ ọ́n tán. Ẹni tó ń rìn ín lọ́wọ́ ló lè sọ fún ọ. Nítorí náà, láàárín oṣù àkọ́kọ́, bá ẹni mẹ́ta tó ń ṣe ohun tó jọ gbólóhùn rẹ sọ̀rọ̀.

Ta ni kí o lọ bá? Àwọn tímọ́tímọ́ rẹ kọ́. Lọ́dún 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ròyìn ohun tó rí lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́, tó jẹ́ pé ojúlùmọ̀ ló ta wọ́n lólobó. Ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe máa ń rí ẹni náà sí nígbà yẹn. Ìdá 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ní àwọn máa ń rí i léraléra. Ìdá 55.6 ní àwọn máa ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá 27.8 sì ní ó ṣọ̀wọ́n. Kò ṣòro láti mọ ìdí. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ mọ̀, ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n, torí ibì kan náà lẹ jọ ń jókòó. Ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ti wà níbi tí ẹsẹ̀ rẹ kò dé.

Ọ̀pọ̀ máa ń tijú láti kọ̀wé sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé á ní àǹfààní ni wọ́n ń wá. Bó o bá sọ òótọ́ ohun tí ò ń wá, tí o kò sì gba àkókò rẹ̀ lọ títí, inú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dùn láti sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn. Kọ nǹkan bí èyí:

*Ẹ káàárọ̀ sà. Ó ti pẹ́ tí a ti ríra. Èmi lẹni tí a jọ wà ní ẹ̀ka ìṣirò nígbà náà. Mò ń ro bí mo ṣe lè yí sí irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe báyìí, n kò sì fẹ́ kó wọnú ohun tí n kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fún mi ní ogún ìṣẹ́jú lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí tàbí èyí tó ń bọ̀? Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹ wáṣẹ́ fún mi. Mo kàn fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí lójoojúmọ́ ni. Ẹ ṣeun sà.*

Bí wọ́n bá gbà, má bi wọ́n pé "Ṣé iṣẹ́ náà dáa?" Wọ́n á ní ó dáa, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bi wọ́n pé: kí lẹ ṣe lánàá, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́? Kí ló yà yín lẹ́nu jù lọ́dún àkọ́kọ́? Bí ẹ bá máa fi í sílẹ̀ lọ́la, kí ló máa fà á? Ta ló tún yẹ kí n bá sọ̀rọ̀? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń ṣí ilẹ̀kùn tí ìwọ fúnra rẹ kò mọ̀ pé ó wà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kọ̀wé dúpẹ́, kí o sì sọ ohun tí o fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, fọwọ́ ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó rò pé iṣẹ́ olùkọ́ ló kàn, kó kọ́ ẹnì kan ní nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó ń wo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kó fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà kọ ètò kékeré kan tó máa yanjú ìṣòro kan tó ní lóòótọ́. Kó jẹ́ ohun tí o lè parí láàárín oṣù kan, tí kò sì ní dà ọ́ láàmú bí kò bá bọ́ sí i. Bí o bá ń fi ìwé ọ̀sẹ̀ méjì nì tọ́ka sí bó ṣe rí lára rẹ, wàá mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà lo fẹ́ràn àbí orúkọ rẹ̀.

Lórí owó, ìbéèrè kan ṣoṣo ni: bí owó oṣù bá dúró lónìí, oṣù mélòó ni o lè fi gbé e? Kọ iye náà sílẹ̀ kí o tó fẹsẹ̀ kan gbé. Kì í ṣe kí ẹ̀rù lè bà ọ́. Ẹni tó ní oṣù kan àti ẹni tó ní oṣù mẹ́jọ lè máa lọ síbì kan náà, àmọ́ ìrìn wọn kò lè rí bákan náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tún èyí tó wà lọ́wọ́ ṣe

Ohun tó ń dùn mí jù ni kí èèyàn lo ọdún méjì níbi iṣẹ́ kan bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ọdún yẹn náà ọdún ni.

Lọ́dún 2001, Amy Wrzesniewski àti Jane Dutton kọ̀wé lórí bí òṣìṣẹ́ ṣe ń fọwọ́ ara wọn tún iṣẹ́ wọn gé kó lè bá wọn mu. Lára àwọn tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ ni àwọn agbálẹ̀ ilé ìwòsàn kan. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n gbà wọ́n fún. Àwọn kan gbálẹ̀, wọ́n nu ilẹ̀, wọ́n lọ. Àwọn kan gbà pé àwọn wà lára àwọn tó ń wo aláìsàn sàn, wọ́n ń bá aláìsàn àti àwọn tó wá kí wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ní wọ́ọ̀dù kí wọ́n lè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n wọlé. Àwọn yìí ló gbádùn iṣẹ́ náà.

Ohun mẹ́ta lo lè fọwọ́ tún: ohun tí ò ń ṣe, àwọn tí ẹ jọ ń ṣe é, àti ojú tí o fi ń wò ó. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí o fa ìlà sí nínú ìlà kìíní, kí o wá bí o ṣe máa fi wákàtí kan tàbí méjì kún un lọ́sẹ̀. Bó bá gba kí o bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, má gbé ẹ̀sùn lọ, gbé àbá lọ: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo kíyè sí i pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń lo nǹkan bí oṣù méjì kí iṣẹ́ tó yé wọn. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, mo fẹ́ máa fi wákàtí méjì kọ́ wọn lọ́sẹọ̀sẹ̀ fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà, ká jọ wò ó bóyá ó ń ràn wá lọ́wọ́." Ọ̀gá tó lè gbà á pọ̀, torí pé iṣẹ́ tirẹ̀ náà lo fẹ́ mú rọrùn. Ìwọ ní tìrẹ ti ń tọ́ ọ̀nà rẹ wò lórí owó oṣù tí ò ń gbà tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ ojú tí a fi ń wo nǹkan dá ìyà lare. Owó oṣù tí kò tó, kò tó, ojú yòówù kí a fi wò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: wákàtí ọ̀la

Ibí ni gbogbo rẹ̀ so mọ́. Mú wákàtí kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà, àkókò kan náà, ibì kan náà. Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ti fi ọ̀pọ̀ ìwádìí hàn pé ẹni tó bá so ìpinnu rẹ̀ mọ́ àkókò àti ibi kan pàtó máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní òun máa ṣe é lọ. Nítorí náà, má sọ pé "Màá máa ronú nípa iṣẹ́ mi." Kọ pé: "Bí aago méje àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti lù, màá jókòó nídìí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, màá ṣí ìwé mi."

Kí lo máa ṣe níbẹ̀? Ka gbólóhùn rẹ. Wo ààlà mẹ́ta: ṣé iṣẹ́ ti fo èyíkéyìí lọ́sẹ̀ tó kọjá? Kọ ohun kan, ẹyọ kan péré, tí o máa ṣe lọ́sẹ̀ yìí tó máa sún ọ lọ síwájú, kí o sì kọ ọjọ́ àti àkókò rẹ̀. Bí ìwé kan bá wà láti kọ, kọ ọ́ níbẹ̀. Bí wákàtí bá pé, pa ìwé dé, kódà bí ọ̀rọ̀ bá kù.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀la á tún kan ilẹ̀kùn. Á kàn án nígbà tí o bá ń wẹ̀, á kàn án nígbà tí o bá ń bá ẹni tí o fẹ́ràn rìn lọ. Má bá a jà. Kọ gbólóhùn kan síbi tí o ya sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìwé, *di Àbámẹ́ta*, kí o sì padà sídìí ohun tí ò ń ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì, ó lè kàn án lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́. Bó bá ti rí i pé lóòótọ́ lo ń dá a lóhùn ní Àbámẹ́ta, ariwo rẹ̀ á dín kù. Àmọ́ bí o bá pa wákàtí náà jẹ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní gbà ọ́ gbọ́ mọ́.

Àfikún kan lórí ìṣirò àkókò. Lọ́dún 1994, Roger Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọjọ́ tí wọ́n máa fi parí ìwé àṣekágbá wọn. Wọ́n fojú bù ú sí bí ọjọ́ 34. Bí ọjọ́ 55 ló gbà wọ́n. Iye ọjọ́ yòówù tó bá wá sí ọ lọ́kàn, fi ìdajì rẹ̀ kún un. Ẹni tó bá fún iṣẹ́ láàyè tó kì í fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ san gbèsè ìṣirò tí kò dára.

Ìgbésẹ̀ keje: òní

Lọ́dún 1978, Philip Brickman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí lọ́dọ̀ èèyàn 22 tó jẹ owó ńlá nínú tẹ́tẹ́ lọ́tìrì, wọ́n fi wọ́n wé àwọn mìíràn tí kò jẹ ẹ́. Inú àwọn tó jẹ owó kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun kéékèèké ojoojúmọ́, irú bíi bíbá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ dùn mọ́ wọn tó bó ṣe ń dùn mọ́ àwọn yòókù. Rántí wọn nígbà tí o bá ń sọ pé, "Bí mo bá ti dé ipò yẹn, màá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ayé mi." Ìgbádùn ń fẹ́ ìdánrawò, ẹni tí kò fi òní ṣe é kò ní mọ̀ ọ́n ṣe lọ́la.

Fún iṣẹ́ ní ìparí lójoojúmọ́. Kí o tó dìde, kọ ohun àkọ́kọ́ tí o máa ṣe lọ́la, palẹ̀ tábìlì mọ́, kí o sọ ọ́ síta pé, "Ó tán fún òní." Ó lè dà bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ara máa ń gbọ́ ọ.

Ní nǹkan kan lọ́sẹ̀ tí kò wúlò fún iṣẹ́ rẹ rárá. Orin, eré ìdárayá, ìtọ́jú òdòdó, ohunkóhun, tí o kò ní tà, tí o kò ní fi ṣe ẹ̀rí ìmọ̀, tí kò sí ẹni tó máa fún ọ ní máàkì lórí rẹ̀. Bí o bá ti ń ronú bó ṣe lè di owó, wá òmíràn.

Bí nǹkan bá parí, kódà bó kéré, dúró lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí o tó gbé òmíràn. Sọ ọ́ fún ẹnì kan tí inú rẹ̀ máa dùn sí i. Àwa tí a fẹ́ràn iṣẹ́ la burú jù nídìí èyí. A ó parí ohun tí a fi oṣù mẹ́rin ṣe ní aago mẹ́ta, a ó ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: oṣù mẹ́ta-mẹ́ta

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Tìrẹ kò ní le tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, sọ wákàtí Àbámẹ́ta di wákàtí méjì. Tún ka gbólóhùn náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ? Kí lo ti tọ́ wò, kí ló sọ fún ọ? Ààlà wo ni iṣẹ́ ń fò léraléra? Mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: máa bá a lọ, yí i díẹ̀, tàbí jáwọ́.

Kọ àmì ìjáde rẹ sílẹ̀ níjọ́ náà pẹ̀lú, nígbà tí ara rẹ ṣì balẹ̀: "Bí n kò bá tíì bọ́ nínú iṣẹ́ òru títí di ìparí oṣù kẹsàn-án, màá bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́ síbòmíràn." Fi ọjọ́ sí i, kí o fọwọ́ sí i. Bí ọjọ́ náà bá dé, o kò ní í máa bá ara rẹ dúnàádúrà.

Bí àyẹ̀wò mẹ́ta léraléra bá mú ìdáhùn kan náà wá, tí o kò sì ṣe nǹkan kan lórí rẹ̀, má fi kún ètò. Ṣí ojú ìwé tuntun, kọ ọjọ́ òní sókè rẹ̀, kí o sì tún bẹ̀rẹ̀ ìlà mẹ́ta alaalẹ́ nì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o ti yí padà, tó jẹ́ gbólóhùn nìkan ni kò tíì mọ̀.